Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Bàbá Mi Fi Jẹ́ Ìkà

Ọ̀sẹ̀ méje péré ni bàbá mi fi jẹ́ ìkà láyé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, tíṣà ni, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo mọ́ ewúrẹ́ pàápàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ keje, ó padà di tíṣà, tíṣà náà ló sì jẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méje yẹn, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀, láago méje, bàbá mi a máa lé àwọn ayálégbé síta nínú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ìlú a sì máa ṣẹ́ èpè fún un.

Ilé Yàrá Mẹ́jọ ni wọ́n ń pe eré náà. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ rí, ẹ̀bi yín kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan nílùú wa gbé e jáde, kò sì parí tó fi dáwọ́ dúró. Téèpù wọ́n bí ojú láyé ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan hàn tán, wọ́n á tún mú téèpù kan náà, wọ́n á gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún bàbá mi pé bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n gbà lé Ilé Yàrá Mẹ́jọ lórí. Bàbá mi bi í léèrè bóyá àwọn ọmọ náà tiẹ̀ gbá góòlù kankan wọlé.

Kògbẹ̀bẹ̀ lorúkọ rẹ̀ nínú eré, òun ni lánlọ́ọ̀dù ilé. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ wọlé, ọ̀pá lọ́wọ́, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Á wo àgbàlá yíká, á wá yíjú sí àwa tí à ń wòran, á ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Kò sí ayálégbé kan tó máa ń dá a lóhùn. Nílé tiwa náà, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í dá a lóhùn. Èyí yà wá lẹ́nu, nítorí Ìyá Àgbà kì í fi ìkíni tẹlifíṣọ̀n ṣeré. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní "Ẹ kú alẹ́ o," Ìyá Àgbà á gbọ́wọ́ kúrò nínú àwo, á ní, "Ẹ kú alẹ́, ọmọ mi, ilé ńkọ́?" Ṣùgbọ́n bí Kògbẹ̀bẹ̀ bá kí i, á kọ ojú sí ògiri. Bàbá mi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí àga kan náà.

"Ìyá mi, èmi nìyí o," bàbá mi á wí.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí," Ìyá Àgbà á fèsì. "Ìkà tó wà nínú àpótí yẹn ni."

A máa ń rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi nìkan ni kì í sí níbẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, láago méje, ìyá mi á ní ọbẹ̀ ń bẹ lórí iná. Ọmọdé ni mí, mo gbà pé ọbẹ̀ ni lóòótọ́.

*

Libreville ni mo wà báyìí, ní orílẹ̀-èdè Gabon, ó ti lé lọ́dún márùndínlógún. Kọ́tìnì ni mò ń rán, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Atong Abè, láàárín ẹni tó ń jó irin àti ẹni tó ń ta ohun ìkọ̀wé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Port-Gentil, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún méjìlá, tí wọ́n ń pè ní Monique níléèwé nítorí pé ìyẹn ló rọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ lé mi padà sílé nínú ìlú yìí ni takisí. Níbí, èèyàn á dúró lẹ́bàá títì, takisí á rọra dé iwájú rẹ̀, á sọ ibi tó ń lọ àti iye tó fẹ́ san láti ojú fèrèsé. Bí dírẹ́bà bá gbà, á tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá gbà, á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan. Èmi kò mọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dá jáde, mo tẹríba lójú fèrèsé, mo fi ìwọ̀nba Faransé tí ọkọ mi kọ́ mi kí dírẹ́bà: ẹ káàárọ̀, bàbá, ṣé dáadáa lẹ jí, àwọn ará ilé ńkọ́? Kí n tó dórí àwọn ọmọ, takisí ti lọ. Mẹ́rin ló lọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara mi wò nínú oòrùn, bóyá aṣọ mi ló ya. Ẹkún ni mo sun wọlé lọ́jọ́ náà.

Obìnrin tó ń ta ohun ìkọ̀wé ló là mí lóye. "Ma sœur, ibi tó ò ń lọ ni kí o kọ́kọ́ sọ," ló wí, ó ń fi ọwọ́ àti ẹnu sọ ọ́ kí ó lè yé mi. "Bí o bá wọ inú ọkọ̀ tán, kí o wá máa kí i." Ọjọ́ tí takisí àkọ́kọ́ tẹ họ́ọ̀nù fún mi, mo wọlé, mo jókòó, mo sì kí dírẹ́bà náà láti Atong Abè títí dé ibi tí mò ń lọ. Ó bi mí bóyá òun mọ̀ mí níbì kan tẹ́lẹ̀.

Nígbà yẹn, tẹlifíṣọ̀n ni alábàárò mi. Ọkọ mi á ti padà sí Port-Gentil, á wá ku èmi àti àpótí tó ń sọ Faransé. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ìyẹn sì sàn ju kí ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe fèrèsé, bí wọ́n ṣe ń pe òjò, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọ̀la á dára. Bí mo bá ń rán aṣọ, mo máa ń ka àwọn eré ìgbà èwe mi sókè fún ara mi, àwọn tí kò pẹ́ tí wọ́n fi lọ, nítorí pé àwọn tó pẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n. Ètò ìdáná kan wà tí obìnrin tó ń darí rẹ̀ kò se ọbẹ̀ kan jinná rí kí àkókò tó tán. Á ní, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí a tó tọ́ ọ wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n dá ètò náà dúró, títí dòní n kò mọ̀ bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ náà tó. Ìdíje ìbéèrè kan tún wà láàárín àwọn iléèwé, iléèwé kan ṣoṣo ló ń borí, títí tí àwọn yòókù fi kọ̀ tí wọn kò wá mọ́, tí olùdarí ètò fi dúró lóun nìkan lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú ife-ẹ̀yẹ.

Ìgbà tí mo bá wá kan Ilé Yàrá Mẹ́jọ, mo máa ń dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Nílé, ìrántí kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Bí o bá ní Ọjọ́bọ̀ ni, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, Ọjọ́rú ni. Bí o bá ní fìlà pupa, wọ́n á ní dúdú. Ẹni tó ń bá ọ jiyàn yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ. Nílẹ̀ àjèjì, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jiyàn. Ohun tó o bá sọ ni wọ́n á gbà, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní "ah bon," ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwọ alára á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ pé ṣé ó ṣẹlẹ̀ ṣá. Mo ti sin bàbá mi. N kò fẹ́ wá máa rò pé àlá rẹ̀ lásán ni mo lá.

*

Ọmọ mi ló wá fọwọ́ kan egbò náà. Mo ń bá a sọ ọ́ níjọ́ kan pé bàbá mi, bàbá-àgbà rẹ̀, ṣe tẹlifíṣọ̀n rí.

"Papi? À la télé?" ó ní. Ó ti gbé fóònù. "Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ eré náà?"

Mo kọ ọ́ fún un. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀. Ó rí ilé tí wọ́n fẹ́ tà, ilé oníyàrá mẹ́jọ, ní Èkó.

"Maman, kò sí," ó ní. "Ça n'existe pas."

"Kò sí lórí fóònù. Kì í ṣe pé kò ṣẹlẹ̀."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo arúgbó tó ní ọba ti na ọwọ́ sí òun rí. "D'accord, Maman," ó ní, ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ó dùn mí. Kì í ṣe àfojúdi ló ṣe, ó gbà fún mi nítorí ìfẹ́ ni, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo pe ìyá mi nílé.

"Màmá, ẹ rántí Ilé Yàrá Mẹ́jọ?"



"Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" ìyá mi ní.

Bí ìyá mi ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá fẹ́ nìyẹn. Lọ́pọ̀ oṣù, òjò kì í jìnnà sí Libreville, nítorí náà, mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò kìlọ̀ fún mi pé kí ọmọ má jáde láìmú agboòrùn, ọ̀rọ̀ á sì ti yà kúrò lọ́nà. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ọdún kẹsàn-án rèé, mo ti bi í léèrè eré yìí tó ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lòjò rọ̀.

*

Àkókò òjò náà ni wọ́n ní kí n wá wọn fèrèsé ilé tuntun kan ní Akanda. Ọmọ Nàìjíríà ló nilé, ẹnjiníà ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí mo dé. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọ́n mú un wá láti ilé kó lè wá tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé báyìí, màmá náà á wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ dọ̀sán.

Mo gun àga, mo ń na téèpù ìwọ̀n sójú fèrèsé pálọ̀. Ìròyìn ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọkùnrin tó ń kà á kí gbogbo wa ní Faransé.

"Ẹ káàsán o," ni màmá yìí dáhùn. "Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ní láti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo sì tètè kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má rò pé òun ni mò ń fi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, mà. Ìyá Àgbà wa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dá lóhùn nínú tẹlifíṣọ̀n."

"Ta nìyẹn?"

"Ìkà kan nínú eré kan báyìí, mà. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Kògbẹ̀bẹ̀ lorúkọ rẹ̀."

Màmá náà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Kògbẹ̀bẹ̀," ó ní. "Kògbẹ̀bẹ̀ tó gbé ọbẹ̀ opó kúrò lórí iná, tó dà á nù sínú òjò?"

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ bí mo ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni mà, òun ni. Omijé ti dé ojú mi kí n tó mọ̀. Ìlú kan náà la ti wá. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni òun ti ń wò ó nígbà náà, ọmọ kékeré lẹ́yìn òun. Ó ní fìlà pupa ni Kògbẹ̀bẹ̀ ń dé. Mo ní dúdú ni, mà, lóòótọ́, tẹlifíṣọ̀n wa kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n mo rí fìlà náà nílé. Ó ní òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà, òjò gidi ni. Mo ní rárá, mà, ọkùnrin kan ló gun àkàbà, tó ń fi kẹ́tù ìbomirin da omi sílẹ̀, bàbá mi ló sọ fún wa. Ó ní kí n dákẹ́, òun fojú òun rí òjò. A jiyàn náà fún bí ìdajì wákàtí. N kò jẹ irú adùn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Gabon.

Ìgbà náà ló wá wò mí. "Bàbá ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá mi, mà. Òun ló ṣe Kògbẹ̀bẹ̀."

Ó sún sẹ́yìn díẹ̀ lórí àga.

"Ọmọ ìkà yẹn ni ọ́?"

"Tíṣà ni, mà. Kì í ṣe ìkà."

"Mo ṣẹ́ èpè fún un o, ọmọ mi. Láti ọjọ́ ọbẹ̀ yẹn lọ. Ó wà láyé?"

"Ó ti di olóògbé, mà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Èpè mi kọ́ ṣá?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní rárá, mà, ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá ní, "Opó yẹn ńkọ́? Ṣé ó padà rí ilé? Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń retí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

N kò mọ èsì rẹ̀. Mo wọn fèrèsé tó kù, mo sì ṣì í wọ̀n, nítorí pé ọkàn mi ti pín sí méjì. Mo ti rí ẹlẹ́rìí. Bàbá mi ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo Gabon, ẹnì kan ṣoṣo tó rántí bàbá mi, ìkà ló rántí. Bó bá kú, bí èmi náà bá kú, ohun tó máa kù nípa ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn ni ọbẹ̀ opó tó dà nù.

*

Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ náà kí n tó bọ́ bàtà. Mọrẹ́nikẹ́ ń ṣiṣẹ́ iléèwé lórí tábìlì ìgékọ́tìnì. Mo ṣí ohùn fóònù síta kí ọwọ́ mi lè ráyè, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: màmá ní Akanda, òjò, fìlà, èpè.

"Ó ṣẹ́ èpè fún un?" ìyá mi ní.

"Ó ní láti ọjọ́ ọbẹ̀. Ó sì fẹ́ mọ bó ṣe parí."

Mo ń retí ìbéèrè òjò. Òjò kọ́ ló sọ.

"Ọjọ́ kejì tó da ọbẹ̀ nù, mo lọ ra ata," ìyá mi bẹ̀rẹ̀. "Ìyá tí mo ti ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge mi bo igbá rẹ̀. Ó ní òun kì í ta ata fún aya ìkà. Mo rò pé àwàdà ni. Mo yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyẹn náà bo tirẹ̀. Ọwọ́ òfìfo ni mo gbé wálé. Nírọ̀lẹ́, Tíṣà dé." Tíṣà ni ìyá mi ń pe bàbá mi, nílé àti níta. "Ó rí i pé ojú mi le, ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn Kògbẹ̀bẹ̀ ní, 'Ẹ kú ìjókòó o.' N ò dá a lóhùn."

"Màmá..."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Títí tó fi kú, kò fi ìkíni yẹn kí mi mọ́. Á ní o kú ilé, á ní o kú iṣẹ́. Ìyẹn, kò sọ ọ́ mọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, mo ní kó mú ọ̀kan, èmi tàbí àpótí yẹn. Kò bá mi jà. Ọjọ́ Ajé tó yẹ kí wọ́n lọ gba apá kẹjọ sílẹ̀, ó wọ aṣọ iléèwé rẹ̀, ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Eré láìsí lánlọ́ọ̀dù, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Bó ṣe parí nìyẹn. Sọ fún màmá yẹn pé èmi ni mo pa á."

Mọrẹ́nikẹ́ ti gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kì í sábà gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá mi bá ń sọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Èyí tó burú jù ńkọ́," ìyá mi ń bá a lọ, "ìwé apá kẹjọ ti wà nílé. Èmi ni mo máa ń bá a ka ọ̀rọ̀ opó nínú kíṣìnnì, kó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ rò pé n ò wò ó. Kí opó yẹn tó sọ ọ̀rọ̀ kan lójú ẹ̀rọ, ẹnu tèmi ló ti kọ́kọ́ jáde. Ní apá kẹjọ, Kògbẹ̀bẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ bá a níbi tó sá sí. Ìlú ò rí i. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó di èèyàn rere lójú wọn, mo sì dá a dúró."

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo ro gbogbo ọdún tí mo fi ń bi í. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù, ìbínú náà kò rí ibi jókòó. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo dá gbé ìrántí yìí ní ilẹ̀ àjèjì. Ìyá mi kò kúrò nílé o, àárín àwọn èèyàn rẹ̀ ló wà, òun náà sì dá tirẹ̀ gbé.

"Màmá, ìwé náà ńkọ́?"

"Ikán ti jẹ ẹ́."

"Ẹ ṣì rántí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀?"

"Ìwọ náà bi mí ní ìbéèrè," ìyá mi ní. "Ṣé ó ṣe é gbàgbé?"

Kí n tó wá nǹkan ìkọ̀wé, Mọrẹ́nikẹ́ ti ṣí ìwé ìwọ̀n kọ́tìnì mi sí ojú ewé tí kò sí nǹkan. "Dis-lui d'y aller doucement," ó ní fún mi. "Kí Mémé rọra máa sọ ọ́."

*

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi sọ apá kẹjọ fún wa. Èmi ń kọ ọ́, Mọrẹ́nikẹ́ náà ń kọ tirẹ̀ lọ́nà tí wọ́n fi ń kọ Faransé, tí kò sí ẹlòmíràn tó lè kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e, ó ń bi ìyá mi fúnra rẹ̀. Ní ọdún méjìlá, ìkíni àti "ṣé o ti jẹun" ni gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, wọ́n ń jiyàn lórí bí Kògbẹ̀bẹ̀ ṣe máa ń di ọ̀pá mú. Mo bojú wẹ̀yìn, mo ń gbé kọ́tìnì kọ́, kí ọmọ mi má rí omijé mi.

A pinnu láti ṣe apá kẹjọ náà fún màmá Akanda nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ mi sì fẹ́ ṣe Kògbẹ̀bẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, ẹ̀rù bà á.

"Maman, mon accent, bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Màmá yẹn á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Kògbẹ̀bẹ̀ ò rí ẹni dá a lóhùn fún ọ̀sẹ̀ méje," mo ní. "Bí o bá rí ẹni fi ọ́ rẹ́rìn-ín, o ti sàn jù ú lọ."

Ọ̀sán Sátidé kan ni, òjò ń rọ̀. Ẹnjiníà gbé ìyá rẹ̀ wá láti Akanda, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ. Mo so kọ́tìnì aláwọ̀ ilẹ̀ kan láàárín ṣọ́ọ̀bù, ti oníbàárà ni, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó gbọ́. Mo fi fóònù ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ kí ìyá mi lè rí wa. Màmá Ẹnjiníà ni opó. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, òun ló ní òun ló tọ́ sí. Mo kọ́ ọ ní ohun tó wà nínú ìwé: Kògbẹ̀bẹ̀ á kí yín lẹ́ẹ̀mẹta, mà. Ẹ má dáhùn àkọ́kọ́, ẹ má dáhùn ìkejì. Ní ìkẹta, kí ẹ ní "Ẹ káàbọ̀."

"Àìdáhùn yẹn ò ní nira fún mi," ó ní.

Mo fa kọ́tìnì. Mọrẹ́nikẹ́ wọlé pẹ̀lú fìlà bàbá rẹ̀ tó gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá kọ́tìnì ní ọwọ́ ọ̀tún, ìkòkò ní ọwọ́ òsì. N kò kọ́ ọ bí a ṣe ń gẹ fìlà bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó wo ṣọ́ọ̀bù yíká.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Màmá Ẹnjiníà kọ ojú sí ògiri. Ìbínú ọdún gbọọrọ wà lójú rẹ̀, ó sì ń gbádùn rẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ gbé ìkòkò kalẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o."

Òjò ń lu páànù. Mo wo ọmọ mi, ẹ̀rù sì bà mí pé ó ti gbàgbé, nítorí pé ó dúró pẹ́ jù. Ó tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn àjákù aṣọ, bí ìyá mi ṣe sọ pé ó wà nínú ìwé. Ohùn rẹ̀ kò tún jọ ti ìkà mọ́ rárá.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní.

Màmá Ẹnjiníà la ẹnu. Kó tó sọ ọ́, ohùn kan ti jáde láti ara ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà," ni ìyá mi wí.

Kò sí Tíṣà nínú ìwé eré. Màmá Ẹnjiníà bojú wò mí, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Ó wo fóònù, ó wo ọmọ mi nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògiri, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá," ó ní. "Ẹ wọlé. Òjò ń rọ̀."